Orúkọ Gàní Tí Mo Kọ Sórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Ọkùnrin kan wà ní Ìkòròdú yìí tí ó jẹ́ pé bí ó bá rí mi lókèèrè, títì ni yóò sọdá. Kò bú mi rí. Kò fi mí sun ọlọ́pàá, kò rán ẹnikẹ́ni sí mi, kò tilẹ̀ sọ fún àwọn ará àdúgbò ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí. Ó kàn ń sọdá títì ni, á wá máa wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta bàtà bí ẹni pé bàtà ló fẹ́ rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ṣé ẹ mọ bí ó ti ń dun ènìyàn tó, kí ẹni tó ṣe ọ́ lóore máa sá fún ọ, kí o sì mọ̀ pé ìwọ lo jẹ̀bi? Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń fi ìka àbámọ̀ sẹ́nu. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpákodò láàárọ̀, àga iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó sí kí n má baà rí àwọn tó wà lẹ́yìn. Mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run, mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò tán nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ má tíì bú mi. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì fẹ́ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Opó ni mí. Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Àwọn baba ńlá wa wà lára àwọn tó bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó láyé àtijọ́, tí wọ́n gba orí ọ̀sà wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Bóyá láti ìgbà náà ni ìfura ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wa, n ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nílé tiwa, bí ara bá fu wá sí ènìyàn, a kì í bi í léèrè. A máa ń ṣọ́ ọ ni. Fọ́tò ni bàbá mi ń yà nígbà ayé rẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí láwàní tí wọ́n wé fún ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀pẹ́ tí bàbá mi kò gbé kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Ó ya àwọn apẹja pẹ̀lú ẹja tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ya àwọn ìyá arúgbó tí wọn ò tíì ya fọ́tò rí, tí wọ́n fọwọ́ lérán bí ẹni tí wọ́n ń ṣèdájọ́ fún. Nígbà tí ó kú, àpótí onírin méjì tó kún fún fọ́tò ló fi sílẹ̀ fún èmi, ó sì fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún gbogbo wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ilẹ̀ yẹn ni ó ba ayé wa jẹ́. Ọkùnrin kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà ló ní òun á bá wa ṣe sọ́fè rẹ̀, òun mọ àwọn tó wà ní ọ́fíìsì, kí a má ṣe ìyọnu. Orúkọ ara rẹ̀ ló kọ sí i. Kí a tó mọ̀, wọ́n ti mọ odi yí ilẹ̀ náà ká. Lọ́yà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá kàn tú ìwé náà wò ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ní, "Orúkọ ta ló wà níbí?" Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Sùlé, sunkún ní ọ́fíìsì yẹn níṣojú àwọn ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, ìwé yòówù tí mo bá rí, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí, Gàníyù ni orúkọ rẹ̀. Gàní ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ́síteètì kan náà la jọ ń gbé, lẹ́yìn Agric, ilé mẹ́ta péré ló wà láàárín tèmi àti tirẹ̀. Èkó ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, èmi ní ọ́fíìsì ìjọba, òun ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. A jọ máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ni. Mo fi ọdún méje jù ú lọ, kò tíì gbéyàwó, ó sì mọ̀wàá hù. Bí omi bá ń ta sí wa lára nínú ọkọ̀, ọ̀rá tó fi ń bo báàgì rẹ̀ ni yóò nà sí mi. Ní ọjọ́ kan, mo mú mẹ́rin nínú fọ́tò bàbá mi lọ́wọ́, mo fẹ́ lọ ṣe férémù wọn l'Ékòó. Gàní gbà wọ́n, ó ń wò wọ́n títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, irú nǹkan báyìí kọ́ lẹ máa fi sínú àpótí kí kòkòrò máa jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe wẹ́bùsáìtì. Orúkọ yín la máa fi sí i, gbogbo ayé á sì máa wò ó." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Gàní, ṣé o fẹ́ sọ èmi náà di gbájú-ẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí wa rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹni tí ó bá ti ń jókòó pẹ́ ní káfẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, olè ni wọ́n máa ń pè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi í nígbà tó ṣe pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní orúkọ la máa kọ́kọ́ gbà, orúkọ tí ẹlòmíì kò ní lè jẹ́ mọ́ láyé, a ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà la ó háyà ààyè lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, kọ̀ǹpútà tí wọn kì í pa rárá, tí iná kì í lọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn fọ́tò á máa gbé. Nígbà náà la ó wá kọ àwọn ojú ewé rẹ̀ fúnra wa. Èmi ọmọ Ẹ̀pẹ́, bí mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dún létí mi. Mo ní, "Á jẹ́ pé orúkọ yẹn ni ìwé ilẹ̀, ààyè yẹn ni ilẹ̀ gan-an, ojú ewé ni ilé tí a kọ́ sí i." Inú Gàní dùn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Àǹtí! Ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣàlàyé jù mí lọ." Àwa méjèèjì kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Káàdì báǹkì tí àwọn ará òkè òkun máa gbà kò sí lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá ti rí i pé Nàìjíríà ni ó ti wá, wọ́n á dá a padà. Ọ̀rẹ́ Gàní kan tó wà ní Ìlú Ọba ló bá wa fi káàdì tirẹ̀ san án. Gàní ló kún gbogbo fọ́ọ̀mù náà, èmi sì fún un lówó rẹ̀, ó parí.

Kí n má purọ́, mo gbádùn àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní gbogbo Sátidé, a ó lọ sí káfẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Dúpẹ́, nítòsí ibùdókọ̀ Agric. Gàní kò gbà láti bá mi ṣe é. Ó ní èmi ni mo ni ín, èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ra ìwé kékeré kan fún mi, mo ń kọ gbogbo àwọn àmì tí a fi ń pàṣẹ fún ojú ewé sínú rẹ̀, àwọn àmì tó dà bí ẹnu ẹja tó là. Bí mo bá ṣí ọ̀kan tí mi ò pa á dé, gbogbo ojú ewé náà á dàrú, Gàní á wá máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Àǹtí, ẹ ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí o." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń síkáànù fọ́tò wọ inú kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń dín in kù kí ó má baà wúwo, bí wọ́n ṣe ń gbé e láti káfẹ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn ará òkè òkun. Ó ní kí n yan páásíwọ́ọ̀dù, ó sì yí ojú rẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí fọ́tò bàbá mi kọ́kọ́ jáde, íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín. Fìlà rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, ó dúró díẹ̀, iwájú orí rẹ̀ wá yọ, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo bú sẹ́kún ní káfẹ́ lọ́sàn-án gangan. Gàní dìde, ó lọ ra omi tútù wá fún mi. Ẹ wò ó, ènìyàn tí mo bà jẹ́ nìyẹn.

Ní Sátidé kan tí Gàní kò wá, èmi nìkan ni mo wà ní káfẹ́. Dúpẹ́ wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo àwọn fọ́tò. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni gbogbo èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ó ní ibì kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ti lè tẹ orúkọ wẹ́bùsáìtì yòówù, tí á sì rí orúkọ ẹni tó ni ín. Ó ní ẹ jẹ́ ká wo tiyín. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo fi ojú ara mi kà á: olóhun ni Gàníyù, orúkọ bàbá rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ímeèlì rẹ̀. Mo wá orúkọ tèmi lókè, mo wá a nísàlẹ̀, kò sí. Dúpẹ́ ní, "Háà, Àǹtí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín o." Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi fò lọ. Mo gbọ́ ohùn lọ́yà ọjọ́sí létí mi kedere. Mo san owó àsìkò tí mo lò, mo fi ẹsẹ̀ rìn délé, mi ò mọ ọ̀nà tí mo gbà. Ṣé kò yẹ kí n lọ kan ilẹ̀kùn Gàní ní ọjọ́ náà? Ilé mẹ́ta péré! Kí n ní, "Gàní, kí ni mo rí yìí?" Kí ó dá mi lóhùn, kí n sì lọ se oúnjẹ mi. Mi ò lọ. Mo ní kí n máa ṣọ́ ọ ná.

Ẹni tí a bá sì ń ṣọ́, kò sí ohun tí yóò ṣe tí kò ní jọ ti olè lójú wa. Bí Gàní bá rẹ́rìn-ín sí mi nínú ọkọ̀, mo ní ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rí ọkàn ń nà án. Ó bi mí pé, "Àǹtí, àpótí kejì ńkọ́? Ìgbà wo la máa síkáànù tibẹ̀?" Mo lọ ti àpótí náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fi àgádágodo sí i. Ó ní kí n máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù mi látìgbàdégbà, mo ní á fẹ́ mọ ìgbà tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀ ni. Èyí tó wá pa mí pátápátá ni pé ó wá bá mi ní ọjọ́ kan tayọ̀tayọ̀, ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ̀wé láti Amẹ́ríkà, ó ń béèrè bóyá ó lè rí ẹ̀dà ńlá fọ́tò àwọn apẹja yẹn fún ìwé tí ó ń kọ. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni lẹ́tà náà wá, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ dá a lóhùn." Ọ̀dọ̀ rẹ̀! Kí ló dé tí lẹ́tà lórí fọ́tò bàbá tèmi fi ń lọ sọ́dọ̀ Gàní? Mo ní ó ti ń tà wọ́n nìyẹn. Mo ní èyí tí ó fi hàn mí nìyí, mélòó ni èyí tí kò fi hàn mí? Bùọ̀dá Sùlé ni mo sọ ọ́ fún. Ó mi orí, ó ní, "Bí ẹni tó gba ilẹ̀ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ń bá wa ṣe é, ó ń bá wa ṣe é." Ẹ̀jẹ̀ wá ru bò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gba Ìkòròdú kọjá rí lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ ohun tí àwa máa ń ṣe bí a bá rí i pé wọ́n fẹ́ fi èrú ta ilé wa. A ó gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, a ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí gbogbo ayé ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń kọ orúkọ ẹni tó fẹ́ tà á sí i. Bí òjò bá rọ̀, bí ọdún bá gorí ọdún, ọ̀dà náà á ṣí. Bí ìjà bá sì parí, wọ́n á fi ọ̀dà míì pa á rẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, òun náà ni mo ṣe. Gàní ti rìnrìn àjò lọ sí Àbújá fún oṣù méjì nídìí iṣẹ́. Mo gba káfẹ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo tú ìwé kékeré tí ó rà fún mi, mo wá àmì tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá àti èyí tí a fi ń sọ ọ́ di pupa. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, lókè fọ́tò bàbá mi, lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Ìkìlọ̀ pàtàkì! Wẹ́bùsáìtì yìí kì í ṣe títà. Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀ tó ń jẹ́ Gàníyù." Mo kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i. Mo kọ ẹ́síteètì tó ń gbé sí i. Mo ṣí gbogbo àmì, mo sì pa gbogbo wọn dé bí ó ti kọ́ mi. Kò dàrú rárá. Mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, mo délé, mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé Gàní ti rí ìyàwó. Kúbúrà ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn òbí méjèèjì sì ti ríra. Ẹ mọ̀ pé kò sí òbí gidi tó máa fa ọmọ fún ọkọ láìṣe ìwádìí. Àwọn òbí Kúbúrà rán ènìyàn wá sí Ìkòròdú, wọ́n bi àwọn ará mọ́ṣáláṣí Gàní, wọ́n bi àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Dáadáa ni gbogbo wọn sọ. Ẹ̀gbọ́n Kúbúrà kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ní òun á ṣe ìwádìí tòun. Ó tẹ orúkọ Gàní àti ti bàbá rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun àkọ́kọ́ tó sì yọ sí i ni ìkìlọ̀ pupa tí mo kọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ránṣẹ́ sílé. Wọ́n pe àwọn ènìyàn Gàní, wọ́n ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun Ásárì ni Gàní kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti rù. Ó jókòó, ó yọ bébà kan nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti jí páásíwọ́ọ̀dù yín. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ọ: kò tilẹ̀ rò ó rárá pé èmi ni! Mo dìde dúró, mo gbé àyà sókè, mo ní, "Wọn ò jí nǹkan kan. Èmi ni mo kọ ọ́. Ṣé o rò pé mi ò ní mọ̀ pé orúkọ ara rẹ lo fi sí i?" Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹni tó bá ti ní wẹ́bùsáìtì, gbogbo ayé ló máa ń rí àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá gbé. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí mi ò mọ̀ wá ká yín mọ́lé, ìyẹn ni mo ṣe fi tèmi sí i. Mo sọ fún yín nínú ọkọ̀. Ẹ ní kò burú." Mo ṣì fẹ́ jiyàn, ni mo bá rántí. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń pariwo, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi, mo kàn mi orí sí i bí a ti máa ń mi orí sí ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́, kí onítọ̀hún má baà tún un sọ. Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ dìde, Àǹtí. Ẹ bá ti bi mí ni." Ó mú bébà rẹ̀, ó jáde. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn, títí di òní.

Mo sáré lọ sí káfẹ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo pa ìkìlọ̀ náà rẹ́, mo sì kọ òmíràn sí ipò rẹ̀ pé irọ́ ni mo pa mọ́ Gàníyù, ọmọlúàbí ni, ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé ó ti parí. Dúpẹ́ ló ní ẹ jẹ́ ká tẹ orúkọ rẹ̀ ká wò ó. Áà! Àwọn ará òkè òkun kan ní ibì kan tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn gbájú-ẹ̀ Nàìjíríà jọ. Wọ́n ti da ìkìlọ̀ mi kọ síbẹ̀, lódindi, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ẹ́síteètì wa. Mo kọ̀wé sí wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Èsì wọn dé lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní àwọn ti wádìí ẹni tó ni wẹ́bùsáìtì tí mo kọ ẹ̀bẹ̀ sí, Gàníyù fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ọ̀gbẹ́ni yéé fi orúkọ obìnrin kọ̀wé sí àwọn. Wọ́n sì gbé lẹ́tà mi síta lábẹ́ ìkìlọ̀ náà, wọ́n ní kí gbogbo ayé wá wo ọgbọ́n tuntun tí ó tún ń dá. Mo kọ lẹ́tà kejì, mo kọ ẹ̀kẹta. Gbogbo èyí tí mo bá kọ, wọ́n ń gbé e sí i. Mo bẹ Bùọ̀dá Sùlé, a jọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ bá àwọn òbí Kúbúrà. Wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n fún wa lómi. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ìyá Kúbúrà wo ọkọ rẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ṣùgbọ́n kí ló wà láàárín ẹ̀yin àti ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, tó fi ń fi orúkọ ara ẹ̀ bò yín?" Ojú tì mí débi pé mi ò mọ bí mo ṣe dé inú mọ́tò. Wọ́n ti fa Kúbúrà fún ọkọ míì kí ọdún tó parí. Gàní ní tirẹ̀ ti yí orúkọ wẹ́bùsáìtì náà padà sí tèmi, ó fi gbogbo ìwé rẹ̀ sínú àpòòwé, ó fi rán géètìmáànù sí mi. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, àní ìkíni lásán.

Mo rò pé ó pin síbẹ̀ ni, títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ mí wá lọ́sàn-án Sátidé, ó wé gèlè funfun, ó rora jókòó. Ó ní ọmọbìnrin àbúrò òun ń bá ọkùnrin kan lọ ládùúgbò wa, Gàníyù ni ó ń jẹ́, àwọn sì rí ohun kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ mi ni àwọn rí lábẹ́ àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀, ìyẹn ni àwọn ṣe wá gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Inú mi dùn! Mo ní Ọlọ́run ti fún mi láyè láti tún un ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo gbé Kùránì, mo fi búra. Mo sọ oore rẹ̀, mo sọ ìwà ìkà mi, mo sunkún, mo ní kí wọ́n fún un lọ́mọ, wọn ò ní kábàámọ̀ rẹ̀ láé. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá mi dúró. Mo sìn ín dé géètì. Ibẹ̀ ló ti di ọwọ́ mi mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bẹ̀rù, obìnrin bíi tiyín ni mí. Ṣé ó ń halẹ̀ mọ́ yín ni?"

Wọ́n ń padà bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí pẹ̀lú bàbá ọmọbìnrin náà. Bí mo bá yìn ín, wọ́n á ní ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ. Bí mo bá sì sá kúrò nílé kí wọ́n tó dé, kí ni wọ́n máa rò? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Irú ọ̀rọ̀ wo ni kí n sọ tí wọ́n á fi gbà mí gbọ́?